Jíìpù Gíga, Orúnkún Ìyá Mi

Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Baba Mọ́tò Gíga báyìí, mi ò sì lè bínú, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Télọ̀ ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa fi téèpù wọn ènìyàn láti èjìká dé kókósẹ̀. Tí ẹ bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹ tó kí mi tán, mo ti mọ bí ìbàdí yín ṣe fẹ̀ tó. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú irú ẹni tó mọ ìwọ̀n báyẹn rí.

Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí èmi ń pè ní Màmá Àgbà, nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Orí òkè ni Màmá Àgbà ń gbé, lẹ́yìn ibi tí ọ̀gbàrá ti gé ọ̀nà sí méjì. Látìgbà tí ọ̀nà ti gé, mọ́tò kì í gbabẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ nìkan ló ń débẹ̀, orúnkún ìyá mi kò sì jẹ́ kí wọ́n lè rin ibi tó jìn. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí wa pé ojú Màmá Àgbà ti ń lọ, pé àfi ohun tó bá sún mọ́ wọn gan-an ni wọ́n ń rí. Ìyá mi wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń rán apá aṣọ kan.

"Mi ò yọ ọ́ lẹ́nu rí, ọkọ mi," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rí mi sójú kí ojú wọn tó kú tán. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ohùn mi nìkan ni wọn á máa gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá mi láyà. Ẹni tó lọ́pọlọ ì bá bẹ géńdé méjì kí wọ́n bá òun gbé ìyá òun kọjá kòtò, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Èmi kọ́. Èmi lọ ra jíìpù.

Adìẹ ló ń yé ẹyin sínú jíìpù ọ̀hún nígbà tí mo rí i. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ti já, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀, á wúkọ́ díẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tó kù lápò mi lẹ́yìn tí mo rà á kò lè ra táyà tuntun kan, ká má tíì sọ mẹ́rin. Mo wọ́ ọ lọ bá mẹkáníìkì tó wà níkangun òpópónà wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Kò-Séwu, torí kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún un tí kò ní fi ìyẹn dáhùn. Búréèkì kò mú? Kò séwu. Epo ń jò? Kò séwu.

"Ṣé ó máa lè kọjá kòtò òkè yẹn?" ni mo bi í.

"Kò séwu," ló fèsì. "Ká ṣáà ti gbé e sókè."

Gbé e sókè! Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Mo mú téèpù mi, a lọ sídìí kòtò, mo wọn ìbú rẹ̀, mo wọn òró rẹ̀, àfi bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. A dé ọgbà irin àlòkù, a tú sípíríǹgì lára lọ́rì kan tó ti kú tipẹ́, jórinjórin sì bá wa jó o mọ́ abẹ́ jíìpù. A rí táyà iwájú katakata kékeré kan, a tún wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri títí ó fi pé mẹ́rin. Nígbà tí táyà kò wọlé, a fi ayùn gé etí jíìpù kúrò. Nígbà tí Kò-Séwu sì ní omi kòtò lè wọ ẹ́ńjìnnì, mo tú páìpù bàlùwẹ̀ wa, mo fi ṣe imú fún jíìpù kó lè máa mí lókè.

"Olówó orí mi!" ìyàwó mi ké láti bàlùwẹ̀, tòun ti ọṣẹ lójú. "Ṣé inú mọ́tò la ó ti máa wẹ̀ báyìí?"

Mo ní kó ṣe sùúrù, pé nǹkan ńlá ń bọ̀. Ìjókòó ńkọ́? Èmi ni mo rán an. Àjákù ṣòkòtò ni mo ní nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìjókòó tèmi fi ní àpò méjì, tí ti ìyá mi sì ní síípù níwájú. Mo tún rán gáùn tuntun kan fún ìyá mi, èyí tó fún dáadáa nísàlẹ̀, torí mo fẹ́ kí Màmá Àgbà rí wọn bí ọmọge.

Wàhálà kan ló kù. Sípíríǹgì lọ́rì le púpọ̀. Tí táyà bá tẹ èèpo ẹ̀pà, ìdí wa ló ń gbọ́ ọ. Kò-Séwu ní ẹrù ló máa tù ú lójú, ká gbé ohun tó wúwo tó ìyá mi sórí ìjókòó wọn, ká máa fi dán an wò. Ibẹ̀ ni mo ti wá fi ọgbọ́n mi hàn. Mo kúkú mọ ìwọ̀n ìyá mi lórí: àyà, ìdí, gígùn. Mo rán àpò kan tó rí bíi wọn gẹ́lẹ́, mo rọ iyanrìn kún un. Ìyàwó mi sọ ọ́ ní Màmá Oníyanrìn. Tí a bá ti fẹ́ jáde, èmi, Kò-Séwu àti jórinjórin la jọ máa ń gbé Màmá Oníyanrìn wọ mọ́tò. Ọ̀kan á tì í nídìí, ọ̀kan á fà á léjìká, ẹ̀kẹta á dúró lórí táyà. A ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, a ó nu òógùn, a ó sì kí ara wa kú iṣẹ́. Orí mẹ́ta rèé o, kò sì sí èyí tó bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan kan.

Ọjọ́ tí jíìpù gbé Màmá Oníyanrìn kọjá kòtò láìdúró, mo fò, mo kígbe, mo fẹnu ko síárìn. Mo sáré délé, mo sọ fún ìyá mi pé ilẹ̀ tó bá mọ́, ó di òkè.

Lówùúrọ̀, ìyá mi jáde nínú gáùn tuntun. Àwọn aládùúgbò ti tò síta. Mo ṣílẹ̀kùn jíìpù fún wọn bí ẹni tó ń wa ọba. Ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Ilẹ̀ mọ́tò ga ju ìbàdí wọn lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo orúnkún wọn.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí, "ṣé kí n fò ni?"

Yéè! Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo sáré gbé àpótí wá, ó kéré. Mo gbé àga wá, orúnkún kọ̀, gáùn tí mo rán kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ là. Mo mú abẹ, mo tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kan níwájú gbogbo ayé, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an tán. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ kò gòkè. Ìyàwó mi ti yíjú sógiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Kò séwu," Kò-Séwu dá sí i. "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn bí a ṣe ń gbé oníyanrìn."

"Ta ló máa ti ta ni nídìí?" Ìyá mi yíjú sí i. Kò-Séwu fò sẹ́yìn.

Ìyá mi jókòó sórí àga tí mo gbé wá. "Kò burú," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Bóyá kí wọ́n kúkú máa gbọ́ ohùn mi náà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sunkún. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀. "Màmá, ẹ tẹ ẹ̀yìn mi, kí ẹ fi gùn ún."

"Ọmọ tí mo pọ̀n, kí n wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ká má rí i." Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde níbẹ̀ yẹn, kí o bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Pọ̀n mí."

Mo pọ̀n wọ́n. Wọ́n fúyẹ́ ju àpò iyanrìn mi lọ fíìfíì. Mo mọ àyà, mo mọ ìdí, mo mọ gígùn, mi ò mọ̀ pé ìyá mi ti fúyẹ́ tó báyẹn. Ó dùn mí wọra. Mo gun àga, mo gun orí táyà, ìyá mi sì dì mọ́ mi lọ́rùn.

"Wọ́n ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn," ni wọ́n wí létí mi. "Ó ti wá kàn ọ́ láti mọ̀."

A lọ. A kọjá kòtò. Páìpù bàlùwẹ̀ já sínú omi, mi ò dúró mú un. Nígbà tí a dé iwájú ilé Màmá Àgbà, bí ìyá mi ò ṣe lè gòkè náà ni wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀, mo bá tún pọ̀n wọ́n. Màmá Àgbà jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, wọ́n kọjú síbi tí ariwo ti ń bọ̀.

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n bi wá. "Ọmọ ta lẹ gbé pọ̀n?"

Mo fẹ́ dáhùn, ìyá mi fún mi lápá pinpin. "Má sọ̀rọ̀," ni wọ́n sọ sí mi létí. "Jẹ́ kí wọ́n rí mi."

Mo gbé wọn lọ síwájú, mo sọ̀ wọ́n sórí bẹ́ńṣì, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú. Màmá Àgbà di àgbọ̀n ìyá mi mú, wọ́n yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó pẹ́. Wọ́n wo iwájú orí, wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n tẹrí ba, wọ́n wò ó dé ẹ̀gbẹ́ gáùn.

"Àbúrò mi," ni wọ́n wí, "ta ló ya aṣọ ẹ báyìí?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú wọn. Wọ́n nawọ́ sí mi pé èmi ni, pé télọ̀ sì ni mí. Kí n lè fi gba ara mi sílẹ̀, mo ní, "Màmá Àgbà, ẹ wo mọ́tò tí mo tún ṣe. Òun ló gbé wa kọjá kòtò."

Màmá Àgbà wo ibi tí mo nawọ́ sí.

"Ògiri yẹn?" ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú padà sí ojú ìyá mi.