Kọfí Tí Kò Dúdú

Iṣẹ́ abẹ ojú ló gbé Olúbọ̀wálé láti Èkìtì wá sí Èkó, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ Tẹ́júọlá ní Àjàó Estate ló sì dé sí. Ojú ń san, ṣùgbọ́n ọkàn bàbá ò kúrò lóko. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń mu ẹ̀kọ, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Tí mo bá ti délé, màá ní kí Felix fi ayùn tó ti yá sílẹ̀ gé gbogbo igi kọfí yẹn. Ẹ̀gẹ́ ni màá gbìn síbẹ̀. Ó ti sú mi kí n máa wá ẹni tó máa ra kọfí kiri."

Felix ni ẹni tó ń bá a mójú tó oko. Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Tẹ́júọlá. Abẹ́ àwọn igi yẹn ló ti máa ń bá ìyá rẹ̀, tó ti di olóògbé, ṣa èso pupa sínú agbọ̀n nígbà ọlidé.

"Bàbá mi, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ṣé ẹ ti mu kọfí oko yín rí?"

"Mo mu ún lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ẹ ló yan án. Ó dú bí èédú, ó korò bí ewúro. Mo tu ú dànù. Látìgbà náà, títà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Kọfí ò ṣàjèjì sí Tẹ́júọlá. Ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tó ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì àwọn èrò wò, ọ̀gá rẹ̀ kan ti bu kọfí fún un mu rí tí wọ́n yan fẹ́ẹ́rẹ́, tó pọ́n rúsúrúsú, tó ń ta sánsán bí èso. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi ra ìkòkò irin kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan kọfí nílé. Ṣùgbọ́n èyí tó ti òkè òkun wá ló ń yan. Ó wá ń rò ó pé bóyá kọfí bàbá òun ò burú, bóyá iná ló bà á jẹ́.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí ẹ tó gé e," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín yan án wò."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Máa yan án. Dókítà ò kúkú tíì ní kí n máa lọ."

Felix fi àpò kọfí kan rán ọkọ̀ tó ń bọ̀ l'Ékòó, Tẹ́júọlá sì lọ gbà á ní Òṣòdì. Èyí tó kọ́kọ́ yan, ẹ̀rù ń bà á kó má baà jó, ó fi iná sílẹ̀ kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọ̀ rẹ̀ wu ojú, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ̀ ọ́ tó sì pò ó, òórùn koríko gbígbẹ ló ń ṣe, ó sì kan gógó. Bàbá tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Ewúro ìyá ẹ sàn ju báyìí lọ."

Ó tún un yan, ó fẹ iná sí i gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ jó, inú rẹ̀ ò jiná: ó korò, ó tún kan. Bó ṣe ń dán an wò ni kọfí inú àpò ń dín kù. Dókítà náà sì ti sọ pé ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò lọ síbi iṣẹ́, Tẹ́júọlá jókòó ti ìkòkò náà, kò sì tíì dá iná. Ó rò ó síwá sẹ́yìn. Iná kékeré ń gbẹ adùn kóró náà dànù kó tó jiná. Iná ńlá ń jó ẹ̀yìn kí inú tó gbóná. Nítorí náà, kì í ṣe iná kan ṣoṣo ló máa ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ fi èyí tó le bẹ̀rẹ̀, kó wá máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí kóró bá ti fẹ́ máa ta.

Ó jẹ́ kí ìkòkò gbóná dáadáa. Ó da kọfí díẹ̀ sí i, ó ń fi igi yí i láìdáwọ́ dúró. Òórùn koríko jáde, ó lọ, òórùn búrẹ́dì tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó rẹ iná sílẹ̀. Àfi bí bàálù kan ṣe gba orí ilé kọjá, tí ariwo rẹ̀ bo gbogbo kíṣìnì. Tẹ́júọlá tẹ etí sí ìkòkò. Nígbà tí ariwo lọ tán, ó gbọ́ ọ: pà. Òmíràn tẹ̀ lé e: pà, pà. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀kan bá ti ta báyìí ló máa ń sáré dà á kúrò lórí iná. Lọ́tẹ̀ yìí ó mú sùúrù, ó jẹ́ kí wọ́n ta bí àgbàdo. Nígbà tí títa náà ń rọlẹ̀, ó dà á sínú asẹ́ ńlá, ó gbé e síwájú fáànù kó lè tètè tutù.

Lọ́jọ́ kejì, ó po díẹ̀ mu. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó tún gbé e. Àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa ló wá sí i lẹ́nu, oyin sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó dá rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnì títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò fún bàbá mu. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló sọ pé ó dùn, bàbá á ní ọmọ òun ń tu òun nínú ni. Ó di kọfí náà, ó sì mú bàbá dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jennifer, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta kọfí ilẹ̀ òkèèrè ní estate wọn.

"Àǹtí Tẹ́jú, kọfí Èkìtì kẹ̀?" Jennifer wí. "Ẹ má bínú, mi ò rò pé ó lè bá tèmi dọ́gba."

"Má wulẹ̀ gbà mí gbọ́. Fi ẹnu rẹ tọ́ ọ wò."

Aaron, tó máa ń po kọfí fún Jennifer, gbé kọ́ọ̀bù mẹ́rin kalẹ̀, mẹ́ta jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ èyí tó jẹ́ ti ta. Jennifer ń fi ṣíbí fà á mu níkọ̀ọ̀kan. Ó dé ìdí ẹ̀kẹta, ó dúró. Ó tọ́ ẹ̀kẹrin wò, ó tún padà sí ẹ̀kẹta.

"Aaron, ìgbà wo la ra èyí? Má tà á fún ẹnikẹ́ni o."

Aaron nawọ́ sí bàbá. "Tiwọn ni."

Jennifer dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo èyí tí ẹ bá ká lọ́dún yìí, èmi ni kí ẹ kó o fún."

 Bàbá yọ awò dúdú ojú rẹ̀, ó wo kọ́ọ̀bù náà. Kọfí tó wà nínú rẹ̀ pọ́n, èèyàn lè rí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mu díẹ̀. 

"Bí kọfí bá tanná, báyìí ni gbogbo oko ṣe máa ń ta sánsán," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mi ò mọ̀ pé òórùn náà ń wọnú kóró."

Ó mu ún tán. Ó wá pe Felix lórí fóònù níbẹ̀. "Dá ayùn yẹn padà fún ẹni tó ni ín. Gbé ọkọ́, kí o lọ ro abẹ́ kọfí."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá kó àwọn àgbà Èkìtì méjì wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì làwọn méjèèjì. Ọ̀kan nawọ́ sí ṣúgà. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo kọ́ọ̀bù.

"Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kàn án bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà mu ún, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì na kọ́ọ̀bù fún bàbá pé kó tún bù sí i. Láti kíṣìnì, Tẹ́júọlá ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń là á yé wọn bí wọ́n ṣe máa ń rẹ iná sílẹ̀ kí kóró tó ta, àfi bíi pé láti kékeré ló ti ń yan án. Kò já a nírọ́. Ó ṣáná sí gáàsì, ó gbé ìkòkò irin kaná.