Ìwúwo Ọfà Kẹta

Ọfà kẹrin náà tún yà sọ́tùn-ún, ó gún etí àpò tí wọ́n kó àkísà kún.

"Ọwọ́ ẹ ló ń gbọ̀n, Jórin," ọkọ rẹ̀ wí. Tíṣà ìṣirò ni. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó rẹ̀ ti ń jó irin, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé.

"Ọwọ́ tó ń jórin látàárọ̀ tí kò gbọ̀n, ṣé orí ọfà ló ti máa wá gbọ̀n? Ẹ máa máàkì ìwé yín, Tíṣà."

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, ìdánwò sì di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Jórin ta àgbọ̀nrín kan lọ́fà. Ọfà náà fúyẹ́, eré rẹ̀ ò kéré, ṣùgbọ́n nígbà tó kan eegun èjìká, kò wọlé ju ìka méjì lọ. Ẹran gbé ọfà sára, ó sá lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni Jórin fi tọ ipa ẹ̀jẹ̀ títí ó fi pòórá létí odò. Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ọlọ́fà tiwọn, ẹni tó bá ṣe ẹran léṣe tí kò rí i gbé wálé gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò: kó ta ọfà mẹ́ta sínú àmì tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, láti ìṣísẹ̀ márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá kùnà, ọrun rẹ̀ di ọwọ́ alága títí di ọdún tó ń bọ̀.

Jórin ti fúnra rẹ̀ rọ orí ọfà tuntun, gíráàmù méjìlélógún dípò mẹ́jọ, kí ọfà lè wọlé ṣinṣin. Láti ìgbà náà ni ó ti ń yà.

"Àwọn tó fúyẹ́ ńkọ́?" Tíṣà bi í.

"Inú àmì ni gbogbo wọn ń wọ̀."

"Àwọn ni kó o mú lọ nígbà náà. Tó o bá ti yege tán, kó o wá mú èyí tó wù ẹ́ wọgbó."

"Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó bá yọjú wo ti ẹnìkejì lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Tíṣà fi bírò họ orí. "Ó dáa, kí lo yí padà?"

"Orí ọfà nìkan."

"Ṣé ó wá dá ẹ lójú pé ohun tó kù ò yí?"

Jórin yẹ ọ̀pá ọfà wò. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó so òòlù mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì tì í síwájú lójijì. Páìpù náà tẹ̀, ó ń jù bí ìrù ajá. Ó ṣe bákan náà pẹ̀lú èyí tó nípọn. Ìyẹn ò mira.

"Ọ̀pá ni," ó wí. "Ẹrù tí mo gbé lé e lórí ti pọ̀ jù fún un. Kó tó kúrò lára ọrun ló ti ń tẹ̀."

Kò lè gé ọ̀pá náà kúrú kó lè le sí i, torí irin yóò kan ọwọ́ rẹ̀ bó bá fa ọsán ọrun dópin. Èyí tó nípọn ló kù. Lọ́jọ́ Ẹtì ó fá ọ̀pá onígi mẹ́ta. Ó gbé orí ọfà kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n: méjìlélógún, méjìlélógún, méjìlélógún. Ó ta méjì wò, wọ́n lọ tààrà. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ orí ẹ̀kẹta ò tíì gbẹ tí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí i ta wò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Alága dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọfà àkọ́kọ́ bọ́ sí àárín àmì. Èkejì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì la àpò já, wọ́n sì gún pákó tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta bọ́ sísàlẹ̀ àmì, ó fi ìka kan jìnnà sí i.

"Méjì," Alága wí. Ó mi orí. "Mi ò rí ọfà tó wọlé báyìí lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n mẹ́ta lòfin wí. Àwọn ọfà rẹ àtijọ́ tó fúyẹ́ dà?"

"Wọ́n wà nínú ọkọ̀, sà. Tíṣà ló kó wọn síbẹ̀, èmi kọ́."

"Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù ò tíì dé. Lọ mú wọn wá, ká tún un ṣe. Mi ò rí nǹkan kan."

Tíṣà ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń wojú rẹ̀. Ọdún kan gbáko láìwọgbó: Jórin rò ó, ó sì dùn ún. Ó lọ sídìí àpò, ó fa ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ, ó gbé àkọ́kọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó gbé ẹ̀kẹta sí ọ̀tún. Ó fọwọ́ wọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Orí nìkan ni mo wọ̀n," ó wí. "Mi ò wọn igi. Igi èyí wúwo ju àwọn yòókù lọ."

"Ṣé o máa lọ mú wọn wá àbí o ò ní mú wọn wá?" Alága bi í.

Jórin yọ ọsán, ó ká a, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọrun náà fún un. Alága ò kọ́kọ́ gbà á.

"Ọdún kan nìyẹn o, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ bá mi fi í síbi tí kò ní rin."

Ó kó ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú apó, ó sì rìn lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ tilẹ̀kùn yẹn, Tíṣà, ká máa lọ. Mo fẹ́ ra igi tó wúwo bákan náà ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́."