Wáyà tí Mùstàfá Dì Mú

Ṣọ́ọ̀bù Ògúndìran, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lójú ọ̀nà Ìwó, ni Mùstàfá ti gbọ́ ọ. Bẹ́líìtì ló lọ rà. Ògúndìran kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń tú ẹrù.

"Mo rí mọ́tò Ìyá Lékan lọ́gbà Ayọ̀díjí láàárọ̀ yìí," ló wí. "Ṣé ẹ ti jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni?"

Mùstàfá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó gba bẹ́líìtì, ó bọ́ síta, ó sì dúró nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mẹkáníìkì ni òun. Ta ni yóò gbọ́ pé ìyàwó òun ń gbé mọ́tò kiri fún mẹkáníìkì mìíràn? Kí ọkọ ẹni máa ṣe búrẹ́dì, kéèyàn wá máa lọ ra búrẹ́dì ní àdúgbò kejì.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn, ì bá sàn. Ayọ̀díjí yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ fi Sàídátù, Ìyá Lékan, ṣaya. Ó ti gbé iṣu lọ fún ìyá Sàídátù rí, kó tó bá àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Abíjàn, tó sì pẹ́ níbẹ̀ títí Mùstàfá fi gbé ọmọge náà relé. Nígbà tó padà dé, ó kó èdè Faransé dé, ó kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò dé, ó sì la ọgbà tirẹ̀ sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà Mùstàfá ti ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá sì pàdé rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, wọn a máa kí i ní àkíjù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mọ́tò Sàídátù ti ń ṣe ségesège. Télọ̀ ni Sàídátù, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán jù, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Ara àti Ìsúndúnrìn. Mọ́tò á máa lọ geere, lójijì iná kan á tàn níwájú awakọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kọ̀. Bí Sàídátù bá fi ẹsẹ̀ tẹ iná mọ́tò kanlẹ̀, mọ́tò ò ní dá a lóhùn, á kàn máa wọ́ bí ìgbín ni. Bó bá pa á tó tún un tan, ara rẹ̀ á yá. Mùstàfá ti fọ tọ́rọ́tù rẹ̀, ìyẹn ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Nígbà tí fífọ̀ kò ràn án, ó ra tòkunbọ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Àìsàn náà tún padà. Níkẹyìn inú bí i, ó ní, "Ìyá Lékan, mọ́tò yìí ò ní àrùn kankan. Ẹsẹ̀ rẹ ló wúwo."

Nígbà tí Mùstàfá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù dé ọgbà Ayọ̀díjí, Sàídátù jókòó síbi awakọ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ayọ̀díjí lóṣòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi èkejì di mítà tí wọ́n fi ń wọn iná mú.

"Rọra máa tẹ̀ ẹ́, Àṣàkẹ́," ni Ayọ̀díjí wí. "Bẹ́ẹ̀ náà. Tún un tẹ̀."

Àṣàkẹ́. Láti ìgbà tí ìyá Sàídátù ti kú, Mùstàfá nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè é, nínú yàrá wọn, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Àyà rẹ̀ gbóná bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná.

Sàídátù gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Lékan. Mo ti ní n ó sọ fún yín tí mo bá délé." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ayọ̀díjí dìde, ó fi àkísà nu ọwọ́. "Mùstàfá, káàbọ̀. Wá wo nǹkan." Kò sí ìgbéraga kankan nínú bó ṣe sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Mùstàfá jù.

"Tọ́rọ́tù yìí ò ní okùn bíi ti àtijọ́," ni Ayọ̀díjí wí. "Iná ló ń ṣí i, iná ló ń pa á dé. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bó ṣe ṣí tó. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ta kora, kọ̀ǹpútà ò ní gba ìkankan gbọ́. Á kúkú gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, kí mọ́tò má baà fúnra rẹ̀ sáré pa èèyàn. Ohun tí ẹ̀rọ mi ń sọ nìyẹn, pé àwọn ẹlẹ́rìí ò bára mu."

"Mo ti pààrọ̀ tọ́rọ́tù yẹn," ni Mùstàfá wí.

"Mo rí i, iṣẹ́ rẹ mọ́. Òun ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe tọ́rọ́tù. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ náà dára, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán. Ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wọn ń gbà ló kù, àwọn wáyà. Mo ń wá ẹni tí yóò máa mì wọ́n kí n máa wo mítà."

"Èmi ni n ó mì wọ́n. Èmi ni mo mọ mọ́tò ìyàwó mi."

Ayọ̀díjí wọ inú mọ́tò lọ síbi tí kọ̀ǹpútà wà, ó fi mítà kàn án. Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu tọ́rọ́tù, ó ń fìka tọ wáyà bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó dé abẹ́ bátìrì, ọwọ́ rẹ̀ kan kílíìpù irin kan. Òun ló fi í síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó ra bátìrì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ìyàwó rẹ̀ má baà máa ti mọ́tò láàárọ̀, ó sì fi kílíìpù yẹn so àwọn wáyà kúrò lọ́nà. Irin náà ti gé rọ́bà ọ̀kan nínú wọn. Ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: wáyà náà ti rọ̀ nínú, bí egungun tó ti ṣẹ́ lábẹ́ awọ.

Ọwọ́ òun ló ṣe é. Bó bá la ẹnu báyìí, ìyàwó rẹ̀ yóò gbọ́ pé ọkọ òun ló ba mọ́tò jẹ́, pé Ayọ̀díjí ló sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n wá a sí. Mùstàfá fi ìka méjì di wáyà náà mú ṣinṣin kó má lè mì. Ó wá fi ọwọ́ kejì mi gbogbo èyí tó kù.

"Abẹ́ bátìrì ńkọ́?" ni Ayọ̀díjí bi í láti inú mọ́tò.

"Mo ti mì í. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Mítà kò yẹ̀. Ayọ̀díjí jáde, ó ń họ orí. Mùstàfá kò tíì rí i rí kí ọ̀nà pin mọ́ ọn lójú, adùn kan sì sọ̀ kalẹ̀ sí i lọ́fun bí oyin.

"Fi í sílẹ̀ dọ̀la," ni Ayọ̀díjí sọ fún Sàídátù. "Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Àwọn ará Ìsúndúnrìn ń retí aṣọ ọmọ wọn, iléèwé ti fẹ́ wọlé. Ó kúkú ń ṣiṣẹ́ báyìí." Sàídátù yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí lẹ rí sí i, Bàbá Lékan?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ayọ̀díjí ń wò ó.

"Máa lọ," ni Mùstàfá wí. "Ṣáà rọra wà á."

Ó padà sí ọgbà tirẹ̀, ó dojú kọ iṣẹ́ bẹ́líìtì tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kan náà ló ń tú, tó tún ń so. Tírélà kan kọjá tòun ti igi gẹdú, ó fọn fèrè. Mùstàfá ju sípánà sílẹ̀, ó sáré bọ́ sójú títì, ó dá Kàsímù ọlọ́kadà dúró.

"Ìsúndúnrìn. Má dúró níbì kankan."

Wọn ò tíì dé ìlú náà nígbà tí wọ́n bá Sàídátù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó gbàgúdá ti ya wọ inú igbó, awakọ̀ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń ra orúnkún. Mọ́tò Sàídátù wà láàárín ọ̀nà, iná ìkìlọ̀ rẹ̀ tàn síbẹ̀. Òun alára dúró sábẹ́ igi kaṣú, ìborùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó kàn dúró lójijì níwájú mi ni," ni awakọ̀ náà sọ fún Mùstàfá. "Ọpẹ́lọpẹ́ igbó tí mo rí yà sí."

Mùstàfá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ kílíìpù, ó fi ọ̀bẹ bó wáyà náà, ó lọ́ ọ pọ̀, ó fi téèpù dì í. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Nígbà tó gbójú sókè, Sàídátù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ò wá ibi tó bàjẹ́ kiri," ni Sàídátù wí. "Tààrà lọwọ́ yín lọ síbẹ̀. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Nígbà tí mò ń mì wọ́n."

"Lọ́gbà Ayọ̀díjí. Mo sì bi yín léèrè."

"O bi mí."

Kàsímù rọra ti ọ̀kadà rẹ̀ sún sẹ́yìn.

"Ó pè ọ́ ní Àṣàkẹ́," ni Mùstàfá wí. Létí ọ̀nà yẹn, níwájú ọkọ̀ tó wọ igbó, ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu rẹ̀ bí ẹjọ́ ọmọdé.

"Mi ò wá ọkùnrin lọ síbẹ̀, Bàbá Lékan. Lójoojúmọ́ ni mò ń wa mọ́tò yẹn tí àyà mi ń já. Mo sọ fún yín, ẹ ní ẹsẹ̀ mi ló wúwo. Ẹni tó bi mí bó ṣe ń ṣe ni mo gbé e lọ fún."

Wọ́n jọ gbé aṣọ náà dé Ìsúndúnrìn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Sàídátù kò yà sílé. Ọgbà Ayọ̀díjí ló wà á lọ, ó pa á, ó sì jókòó láìwo ẹ̀gbẹ́ títí ọkọ rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀.

Mùstàfá sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ayọ̀díjí gbọ́ ọ tán.

"Tó bá kú ńkọ́?" ló bi í.

Ayọ̀díjí yí ẹ̀yìn sí i, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ ni Sàídátù fi ń sùn sí yàrá àwọn ọmọ. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò nínú ìkíni náà. Mùstàfá lọ bẹ Ayọ̀díjí pé kó kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń lo mítà. Ayọ̀díjí kọ́kọ́ kọ̀, nígbà tó yá ó gbà. Owú náà ò tíì tán. Bó bá rí ẹ̀rọ ará Abíjàn yẹn, tó rí bí àwọn oníbàárà ṣe tò sílẹ̀, nǹkan kan ṣì máa ń ta á nínú.

Mọ́tò náà ò kọṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, kí Sàídátù tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, á kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ àwọn wáyà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mùstàfá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó, kò sì ní lè sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀.