Orúnkún Alájì Sàníù

Nígbà tí mo wọ yunifásítì láti kọ́ nípa ẹ̀rọ, àbúrò bàbá mi, Alájì Sàníù, pe gbogbo agbo ilé wa ní Lálúpọn jọ, wọ́n ní mo dójú ti àwọn. "Fàdìlàt tó yẹ kó di dókítà ló fẹ́ lọ máa tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò!"

Nígbà tó yá, mọ́tò tẹ Alájì lẹ́sẹ̀ ní ọ̀nà Ìbàdàn, àwọn dókítà sì gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn kì í ká, orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Èmi àti ọ̀gá mi ní yunifásítì la fi irin àti sípíríǹgì ṣe orúnkún tó ń ká fún wọn. Àìmọye ìgbà ló kán mọ́ wa lọ́wọ́ kó tó gbà.

Lọ́jọ́ tí Alájì padà kírun lórí ẹní, wọ́n ṣe sàráà. Wọ́n dìde láàrin èrò, wọ́n ní, "Ọlọ́run á bá mi san án fún àwọn dókítà!" Gbogbo ilé ṣe àmín.

Àwọn dókítà ló gé ẹsẹ̀. Ta ló ṣe èyí tí Alájì fi dìde?

Bí wọ́n ṣe fẹ́ jókòó, orúnkún náà há, kò ká mọ́. "Fàdìlàt, wá bá mi wò ó."

"Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà."

Màmá mi wò mí bíi pé kí n wọlẹ̀. Mo yọ sípánà nínú báàgì, mo sì kúnlẹ̀ níwájú Alájì.

"Ó ti ń tọrọ àforíjì," ni àwọn èèyàn ń wí.

Irọ́ ni. Bóòtù orúnkún náà tó tú ni mò ń dè.