Lẹ́tà Tí Ọ̀gá Ní Kí Ó Yẹ̀ Wò

Gbogbo lẹ́tà tí ọ̀gá ilé-ìwé bá kọ, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni í bá a tún un ṣe, bí iṣẹ́ ọgọ́ta ọmọ tilẹ̀ kún iwájú rẹ̀. Lọ́sàn-án yìí, ọ̀gá tún ju òmíràn sórí tábìlì.

Tíṣà náà mú bírò pupa. Ní ìlà kejì ló rí orúkọ ara rẹ̀: kí àwọn aláṣẹ gba kíláàsì àṣekágbá lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Àwọn ọmọ tí òun ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́ta! Ó kọjú sí ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ fẹ́ pa ewúrẹ́, ẹ tún ní kó bá yín pọ́n ọ̀bẹ?”

“Háà, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ni mo ní kẹ́ẹ wò.”

“Ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tòun ti gbogbo àṣìṣe rẹ̀. Kí wọ́n mọ ẹni tó ń pe èèyàn ní ọ̀lẹ.”

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó gba kíláàsì lọ.