Ẹ̀yìn tí Sẹ̀gilọlá Mọ̀

…àti pé ọ̀la ni. Ọ̀la tí mo ti ń sọ pé ó ṣì jìnnà. Táksí Kùtọnú yóò gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, n ó sì lọ jókòó síwájú dókítà Rọ́ṣíà yẹn, yóò bi mí, n ó sì dáhùn. Ọmú òsì ń lọ. Ìyẹn ti parí, jẹjẹrẹ ni, kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè nípa ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé ṣé kí wọ́n ṣe òmíràn dípò rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Kí n sùn pẹ̀lú ọmú tó ń pa mí, kí n jí pẹ̀lú… pẹ̀lú kí ni gan-an?

Pẹ̀lú ẹ̀yìn mi. Ẹran ẹ̀yìn mi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é.

Mo ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo ń padà. Sẹ̀gilọlá wà lẹ́yìn mi, ó ń kùn, kò tíì sùn. Ọmọ orogún mi ni. Ìyá rẹ̀ wà níta, lábẹ́ máńgòrò, ó ń yọ àgbàdo lára ṣùkù… Má ronú nípa ìyá rẹ̀. Ronú nípa ohun tí nọ́ọ̀sì sọ.

Philomène lorúkọ nọ́ọ̀sì náà, ọmọ Àjàṣẹ́, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún mi. Ó fi ìka fa ìlà sábẹ́ egungun èjìká mi lápá òsì. "Ẹran tó wà níbí, màmá, pẹ̀lú awọ orí rẹ̀. Wọn ò ní gé e já pátápátá, wọ́n á yí i gba abẹ́ abíyá wá síwájú." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ká ìró. Kò lórí, ọmú tuntun yẹn. Kò ní wàrà. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ nìkan ni yóò mọ̀. "Ẹ ò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Rọ́bà á máa fa omi ojú ọgbẹ́ jáde, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé garawa, ẹ ò gbọdọ̀ gúnyán, ẹ ò gbọdọ̀ pọnmọ, títí dókítà á fi ní ó tó. Ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀." Mo ní bí wọ́n bá kàn gé e, tí wọ́n fi àyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? "Ojú ọgbẹ́ kan nìyẹn, màmá. Ẹ ó tètè lọlé. Ẹ kàn máa fi ìka gun ògiri láràárọ̀ bí aláǹgbá, kí apá má baà gan."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo fẹ́ ẹ. Kí n má parọ́ fún ara mi nínú yàrá ara mi. Mo fẹ́ ọmú tuntun náà, mi ò bìkítà bó lórí tàbí kò lórí, mo sì mọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ. Ìdí náà jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ó so ìró mọ́dìí, kò sí nǹkan kan lókè. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé yìí bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí ooru mú, obìnrin tó ti bímọ kì í dí àyà lójú ará ilé. Èmi náà ti ń jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bí Àlíù, ọmọ mi tó ti di ọkùnrin. Ta ló wò mí? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kókó yìí ti yọ, bùbá ni mò ń wọ̀ lójú oòrùn, mò ń làágùn. Ìyá ọkọ mi bi mí pé ṣé òtútù ń mú mi ni. Rùkáyátù, ìyá Sẹ̀gi, kò bi mí. Ó kàn ń yọ àgbàdo rẹ̀, ọmú méjèèjì kún fún wàrà, ó ń kán sí ìró, kò sì bìkítà. Kò sí ohun tó bí mi nínú tó àìbìkítà yẹn.

Gbàdàmọ́sí náà sì wà nílé. Àtìgbà tí Nàìjíríà ti ti bọ́dà ni ọkọ mi kò ti lọ ra táyà kẹ̀kẹ́ ní Ìlárá lódìkejì bọ́dà mọ́. Ó gbé àga síta, ó gbé rédíò sórí itan, rédíò ń pariwo lédè Fọ̀n pé ẹhùzú, ẹhùzú dandan, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ̀yin ará Kùtọnú, ó ti yí padà nílé wa, ẹ dákẹ́! Lọ́jọ́ ìpàdé, délégéè, aṣojú ìjọba ládùúgbò wa, ní kò sí ọ̀gá, kò sí ẹrú, gbogbo wa dọ́gba. Kó wá dúró láàárín èmi àti ìyàwó mi bí a bá ń wẹ̀, kó tún un sọ.

Mo bi Gbàdàmọ́sí. Mo ní bàbá Àlíù, kí ni kí n ṣe? Ó ní, "Ohun tó bá wù ọ́, ìyá Àlíù. Ara rẹ ni." Ara mi ni! Ẹni tó ní méjì mìíràn níta, kí ló kàn án bí ọ̀kan bá já? Bóyá àánú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà… bóyá ẹ̀rù ń bà á ni, ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò níta tó fi sọ ọ́. Mo rí i.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ìyá mi máa ń fi kọrin sí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó dára, ìyá mi. Wọ́n fẹ́ gé e kúrò báyìí, kí òwe yín lè ṣẹ.

Sẹ̀gi, sùn. Ó ń fi ẹ̀yìn mi nu ojú.

Òun ló sì tú àṣírí kókó yìí, àbí? Ìyá rẹ̀ lọ ọjà Ìdìgní, ó ń ké, mo gbé ọmú gbígbẹ mi sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí àgbà obìnrin ṣe ń ṣe kí ọmọ lè dákẹ́. Ó gba ti ọ̀tún. Mo gbé òsì sí i, ó yí orí padà. Mo tún gbé e, ó tún yí i. Inú bí mi! Mo ní ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Mo ní Rùkáyátù ti fi ewúro rẹ́ mi láyà nígbà tí mo sùn, bí wọ́n ṣe ń fi í rẹ́ ọmú láti já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ọmọ má baà mọ̀ mí. Ewúro! Mo tọ́ ọ wò pẹ̀lú ìka ara mi, mo ń wá kíkorò. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bá òkúta kékeré yẹn.

Níbo ni mo bá a dé… oṣù mẹ́ta.

Omi. Ní Kétu yìí, tí kàǹga jìn tó báyìí, ta ni yóò pọnmi ìwẹ̀ fún mi? Rùkáyátù. Ta ni yóò fọ ẹ̀yìn fún mi bí apá kò bá gbé sókè? Rùkáyátù yìí kan náà. Yóò dúró tì mí pẹ̀lú kànrìnkàn, gbogbo ẹ̀bùn Ọlọ́run láyà rẹ̀, yóò máa ní "ẹ rọra, ìyá mi". Èmi, ìyálé! Mo fẹ́ ọmú kí n má baà kéré lójú rẹ̀, òun ni yóò sì máa wẹ̀ mí bí ọmọ ìkókó kí n tó ní in. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?

Òun gan-an ló ń sọ pé kí n ṣe é. Ó wọlé wá bá mi, ó kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un lẹ́yìn yín. Ẹ má ronú iṣẹ́ ilé. Mo máa pọnmi, mo máa dáná, mo máa pọn Sẹ̀gi fúnra mi." Mo rò pé ó ń káàánú mi ni, mo sì kórìíra àánú yẹn ju èébú lọ. Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́…

Mo máa pọn Sẹ̀gi fúnra mi.

Dúró ná.

Sẹ̀gi kì í sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Ó máa ń ta, ó máa ń yọ apá kúrò nínú ọ̀já, ó máa ń ké títí ohùn á fi há. Bí wọ́n bá ti gbé e kọ́ ẹ̀yìn mi, pẹ́ẹ́. Ọjọ́ kan Rùkáyátù tú u sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ó nà án sí mi. "Ẹ gbà á, ìyá mi. Èmi, wàrà lásán ni mo jẹ́ fún un. Ẹ̀yin lẹ lọ́mọ." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ìyàwó, ẹ̀yìn àgbà ló gbóná." Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun…

Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo ń rí i báyìí. Ojú rẹ̀ kò wà lára ọmọ. Ẹ̀yìn mi ló ń wò, bí mo ṣe ń di ọ̀já. Mo mọ ìwò yẹn. Èmi ni mo ni ín! Ìwò tí mo fi ń wo àyà rẹ̀ láti ojú fèrèsé yìí láràárọ̀ ni.

Oṣù mẹ́ta láìpọnmọ. Sẹ̀gi yóò ké lọ́jọ́ kìn-ín-ní, yóò ké lọ́jọ́ kejì, yóò sì mọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kí dókítà tó ní ó tó, ó ti ń rìn. Bóyá Rùkáyátù kò mọ ohun tó ń bẹ̀ mí fún. Bóyá ó mọ̀. Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kì í dénú, tèmi kò dénú rí, kí ló dé tí tirẹ̀ yóò fi dénú?

Ó yẹ kí n bínú. N kò bínú. Ẹnì kan ń jowú mi. Èmi Sàfúrátù, ọmú kan àbọ̀, irun funfun ní iwájú orí, ọmọge tí wàrà ń kán lára rẹ̀ ń jowú mi, nítorí ẹ̀yìn mi ni.

Sẹ̀gi ti dákẹ́. Ó ti wúwo, bí wọ́n ṣe máa ń wúwo bí oorun bá gbé wọn. Mo fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn, mo wá orí rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ egungun èjìká mi lápá òsì. Ibi tí ìka Philomène fa ìlà sí gan-an ni. Itọ́ rẹ̀ ti rin ibẹ̀.

Ẹ gé ti iwájú. Ẹ gé e, kẹ́ ẹ fi àyà sílẹ̀, n ó fi ìka gun ògiri bí aláǹgbá, apá á nà, ọgbẹ́ á jinná, n ó tún máa pọnmọ kó tó gbàgbé mi. Ìsàlẹ̀ ọmú lọ̀já ń gbà, kò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wò mí lágbàlá, kí wọ́n wò. Ẹ sọ fún dókítà bẹ́ẹ̀, Philomène. Ẹ ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Ẹ má sọ ìdí fún un. Kì í ṣe ìwà rere, owú ni, owú náà ṣì wà níbí láyà mi, lábẹ́ kókó náà gan-an.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ṣùkù àgbàdo ti dákẹ́ níta. Òun ni, mo mọ ìrìn rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kò wọlé. Ó ń tẹ́tí bóyá ọmọ ti sùn. Ó ti sùn, ó tó kí n tẹ́ ẹ sórí ẹní, kí n na ẹ̀yìn.

N kò tú ọ̀já.