Ẹni Tó Ń Da Ọ́ìlì Tuntun

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Àlùkò, ẹ kàn sọ fún un pé kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láti lọ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta fílítà, bẹ́árìn àti púlọ́ọ̀gì ní Duport Road, ó sì ní kò sí àrékérekè mẹkáníìkì kankan ní Monrovia tí ojú òun kò tíì rí. Wọn á nu fílítà àtijọ́ títí yóò fi máa dán, wọn á wá gba owó tuntun lé e lórí. Wọn á da ìdajì ọ́ìlì tí o rà sínú ọkọ̀ rẹ, wọn á fi ìdajì yòókù pamọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ó ń bù mọ́ ọn, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá bá Àlùkò jiyàn ọ̀rọ̀ yìí á gbọ́ wàásù tí kò ní ìparí. Fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe tirẹ̀. Bóòtù kan, fílítà kan, ọ́ìlì gálọ̀nù kan, kí ló wá ń sanwó fún?

Hidayah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò ráyè wàásù. Ọ́fíìsì kan ní Congo Town ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Láti ìgbà tí Suwebat, ìyá rẹ̀, ti kú ní ọdún kan àti oṣù méjì sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí bàbá tó ń dá gbé. Nínú àwẹ̀ tó kọjá, Àlùkò gbé kẹ́tùlù kaná, ó lọ sí mọ́sáláṣí, ó gbàgbé. Àwọn ará ilé kejì ló já ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí iná pa. Ọjọ́ yẹn ni Hidayah sọ ọ́ fún un láìfi bò.

“Bàbá mi, tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀ ń kó wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ẹ ò ní dá gbé mọ́.”

Àlùkò gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mú un kúrò nínú ilé yẹn, ó sàn kí wọ́n gé e lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni òun àti Suwebat fi gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin náà kú sí, ìbòrí rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún Àlùkò láyé, ilé yẹn nìkan ló ń bẹ̀rù pé kó má bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Nígbà tí àkókò àtipààrọ̀ ọ́ìlì tó, Hidayah fún un lówó. “Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Bánjí o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin!” Bánjí ni mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ Hidayah ṣe, ọmọ sójà Nàìjíríà kan tó wá paná ogun tó sì jókòó sí Monrovia.

“Mo ti gbọ́,” ni Àlùkò wí. Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sọ pé òun á ṣe é.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó fi òkúta dí táyà, ó tẹ́ páálí, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ó tú bóòtù, ọ́ìlì dúdú ń dà lọ sínú abọ́. Ó pa ojú dé, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dà, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ ju bó ti rí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ó pààrọ̀ fílítà, ó fún bóòtù padà pinpin, ni wọ́n bá pe ìrun Alásárì. Ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá kò gbọdọ̀ ní ọ́ìlì lára, nítorí omi gbọ́dọ̀ kan awọ. Ó fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ ọwọ́, ó họ abẹ́ èékánná kọ̀ọ̀kan, ó sì sáré lọ sí mọ́sáláṣí. Nígbà tó kírun tán tó padà délé, ó pa bónẹ́ẹ̀tì dé, ó sọ jáàkì kalẹ̀, ó wakọ̀, ó di ọ̀nà Brewerville láti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọládipọ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Iná ìkìlọ̀ pupa kan tàn níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta ni iná yẹn ti ń tàn bó ṣe wù ú, kò kà á sí. Kò tíì jáde ní Somalia Drive tí ẹnjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu irin. Ó gbọ̀n, ó wúkọ́, ó sì kú. Awakọ̀ takisí kan sọ̀ kalẹ̀, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó mi orí.

“Ol' pa, no oil inside oh. Your engine done finish.”

Àlùkò lọ ṣí búùtù. Ọ́ìlì tuntun wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ohun tó mọ̀ yẹn sì burú ju ẹnjìnnì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tọkọtaya yìí ṣe máa ń ṣe é. Abẹ́ ọkọ̀ ni iṣẹ́ Àlùkò parí sí, Suwebat ló ni òkè. Tí ọkọ rẹ̀ bá ti fún bóòtù tán tó lọ fọwọ́ fún ìrun, Suwebat á ti àrọ bọ ẹnu ẹnjìnnì, á sì da ọ́ìlì tuntun sí i. Bí Àlùkò bá ṣe ń jáde lọ, á ní, “Suwebat, má jẹ̀ẹ́ kó kún jù o.” Ìyàwó rẹ̀ á dá a lóhùn pé, “Ṣé òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni?” Ní Sátidé yẹn, bó ṣe ń lọ sí mọ́sáláṣí, Àlùkò bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Suwebat, má jẹ̀ẹ́ kó kún jù o.” Àgbàlá tó ṣófo ló sọ ọ́ sí. Nígbà tó padà dé, kò yẹ nǹkan kan wò, torí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò sí ọjọ́ kan tí obìnrin yẹn gbàgbé.

Nígbà tí Hidayah gbọ́ pé ẹnjìnnì ti kú, ó pè é lórí fóònù. “Bàbá, ta ló pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn?”

Ó rí ilé rẹ̀ lójú inú, ó rí ìbòrí lórí ìṣó. “Ibi tí o ní kí n gbé e lọ náà ni,” ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó máa di ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù Bánjí. Hidayah gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó dúró sáàárín àwọn oníbàárà, ó ń pariwo.

“Ọ́ìlì tí bàbá mi rà, ẹ ò dà á sí i! I'm not joking oh, Bánjí. Ìwọ lo máa ra ẹnjìnnì mìíràn!”

“Ṣùgbọ́n, Àǹtí, ọkọ̀ yìí ò...” Bánjí wo Àlùkò. Àlùkò ń wo ilẹ̀. Bánjí mọ̀ dájú pé ọkọ̀ náà kò dé ṣọ́ọ̀bù òun rí, gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa dúró lójú èrò, kó sọ fún ọmọ pé irọ́ ni bàbá rẹ̀ ń pa? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tó kún fún gírísì.

“Bàbá, ẹ má bínú sà. Ó ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni. Màá wá nǹkan ṣe sí i.”

Àlùkò wo ẹ̀yìn ọ̀dọ́kùnrin náà nílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń pe àwọn mẹkáníìkì ní olè. Ọ̀kan nínú wọn ló dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí, tó ń gbé irọ́ tí Àlùkò pa rù kí ojú má baà ti àgbàlagbà. Ojú wá tì í.

“Dìde, ọmọ mi,” ló wí. “O ò jẹ̀bi. Hidayah, mi ò gbé e wá síbí. Èmi ni mo ṣe é.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi, báwo lẹ ṣe máa gbàgbé ọ́ìlì?”

“Mi ò gbàgbé ọ́ìlì.” Ó nawọ́ sí bónẹ́ẹ̀tì. “Mo rò pé ìyá rẹ ti dà á sí i ni.”

Hidayah sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó rọra bi í pé, “Bàbá mi, níbo ni Màmá wà?”

“Ó ti kú,” ni Àlùkò wí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. “Mo mọ̀. Ní báyìí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú mi kúrò nínú ilé yẹn, tí mo bá tún gbàgbé, níbo ni kí n ti máa wá a?”

Hidayah jókòó sórí táyà kan pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, ó sì sunkún.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọkọ Hidayah gbé píkọ́ọ̀pù wá sí Duport Road. Àlùkò kò jiyàn, ó ti ṣèlérí. Ó bá wọn gbé àpótí, ó bá wọn ká ẹní. Nígbà tí gbogbo ẹrù ti wọnú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró de òun díẹ̀, ó sì padà wọlé. Hidayah tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, kó má baà lọ ṣubú. Bàbá rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀ tó ti ṣófo, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

“Suwebat, tí o bá délé tí o ò bá mi, má dààmú. Wọ takisí dé ELWA Junction. Tí o bá débẹ̀, wọ èyí tó ń lọ sáàárín ìlú, sọ fún un pé Congo Town lò ń lọ. Wàá rí ilé oògùn kan lọ́wọ́ ọ̀tún, sọ̀ níbẹ̀. Gba ọ̀nà eléruku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, géètì kẹta ni, aláwọ̀ ewé. Tí wọn ò bá tètè ṣí i, má padà o. Ṣáà máa kàn án. Màá gbọ́.”